Ìpìlẹ̀ Ètò Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n tó Ń Tọ́jọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Àpẹẹrẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ DeMatha ní Ìpínlẹ̀ Maryland

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbúròó wọn mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tó ń fa èyí. Ó gbé ilé-ẹ̀kọ́ DeMatha ní ìpínlẹ̀ Maryland, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yẹ̀ wò, ó sì fi í wé ilé-ẹ̀kọ́ méjì mìíràn tí òkìkí wọn kàn dáadáa ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn wọn ti tì pátápátá. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó gbówọ́, ni ó ń mú kí ètò eré ìdárayá tọ́jọ́. Ètò náà ń tọ́jọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ di tirẹ̀, tí ó sì ní àkàbà fún ọmọdé, àrólé fún akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti ìdí tí ó ju ife ẹ̀yẹ lọ.

Ìfáàrà

Olùkọ́ ni ó dá eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, James Naismith ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ YMCA ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa ṣeré níta, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ó wá eré kan tí wọn yóò lè ṣe nínú ilé. Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì méjì mọ́ òkè gbọ̀ngàn, ó kọ òfin 13 sílẹ̀, ó sì pín akẹ́kọ̀ọ́ 18 sí ọ̀nà méjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí í ṣe mítà 3.05, ni ó wà láàrin apẹ̀rẹ̀ náà àti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùka àwọ̀n ṣe ga tó títí di òní.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì nítorí ó fi hàn pé inú ilé-ẹ̀kọ́ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ó sì ti jáde. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ girama jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí eré náà ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ni wọ́n jẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì ní òwúrọ̀, tí wọ́n á sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìrọ̀lẹ́. Fún ìdí èyí, ìbéèrè nípa ohun tó ń mú ètò bọ́ọ̀lù tọ́jọ́ kì í ṣe ìbéèrè eré ìdárayá nìkan. Ìbéèrè nípa bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń mú iṣẹ́ rere dúró lẹ́yìn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ ni.

Ohun tí Ètò tó Tọ́jọ́ Túmọ̀ sí

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàrin ikọ̀ tó dára àti ètò tó dára. Ikọ̀ ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún kan. Ètò ni ohun tó ń pèsè ikọ̀ lọ́dọọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní ikọ̀ tó dára láìní ètò kankan, bí ó bá ṣe kòńgẹ́ ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò dà bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alówó tó lè ra agbábọ́ọ̀lù tàbí kí ó dá a dúró fún ọdún mẹ́wàá. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin péré ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ikọ̀ kan bá ní agbábọ́ọ̀lù 12, tí márùn-ún nínú wọn sì wà ní kíláàsì àṣekágbá, ikọ̀ náà yóò pàdánù àwọn márààrún ní ọjọ́ kan náà, ì báà gba ife tàbí kí ó má gbà á. Láàrin ọdún mẹ́rin, kò ní sí ẹyọ ẹnì kan tó kù nínú wọn.

Nítorí náà, àdánwò mẹ́ta ni ètò gbọ́dọ̀ yege kí ó tó lè jẹ́ ètò tó tọ́jọ́. Èkíní ni pé kí ó má wó nígbà tí ọmọ tó dára jù lọ bá jáde. Èkejì ni pé kí ó má wó nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fẹ̀yìntì. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbé e ró fúnra rẹ̀ má wó. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni yóò fi àwọn àdánwò wọ̀nyí hàn.

Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta

Ọdún 1946 ni àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tí a ń pè ní Trinitarian dá ilé-ẹ̀kọ́ DeMatha sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ìlú Hyattsville, tí kò jìnnà sí Washington. Ní ọdún 1956, Morgan Wootten dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìtàn àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kò kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 2002. Nínú sáà ìdíje 46, ikọ̀ rẹ̀ borí nínú ìdíje 1,274, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 192 péré. Èyí já sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdíje, wọ́n ń borí nínú bíi 87. Bí ọdún mẹ́rin bá jẹ́ ìran akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìran tó lé ní mọ́kànlá ni ó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Ìyẹ́sí Naismith ní Springfield. Ó jáde láyé ní oṣù Kìíní ọdún 2020.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni Power Memorial ní New York. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Jack Donohue, ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ọmọ kan tí ìga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lew Alcindor. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar láti ọdún 1971. Ikọ̀ Power Memorial borí nínú ìdíje 71 léraléra. Ọdún 1965 ni Alcindor jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Donohue gba iṣẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Holy Cross. Ní ọdún 1984, ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni St. Anthony ní Jersey City, ìpínlẹ̀ New Jersey, ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kékeré kan tí ó wà fún àwọn ọmọ aláìní. Bob Hurley, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ń bójú tó àwọn tí a dá lẹ́jọ́ tí a kò fi sẹ́wọ̀n, di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ní ọdún 1972. Ìdíje tí ó borí lé ní 1,100, ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ tí ó gbà sì lé ní 25. Wọ́n gbà á sí Gbọ̀ngàn Ìyẹ́sí ní ọdún 2010. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹ̀kọ́ náà kógbá wọlé.

Power Memorial ní ọmọ tó ga jù lọ tó sì dára jù lọ ní àkókò rẹ̀. St. Anthony ní ọ̀kan nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbówọ́ jù lọ nínú ìtàn eré náà. DeMatha nìkan ni ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni ìpín tó kù nínú àpilẹ̀kọ yìí yóò tú palẹ̀.

Òpó Kìíní: Àkàbà fún Ọmọdé

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní DeMatha, kì í ṣe ikọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Ikọ̀ wà fún àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, ikọ̀ kejì wà fún àwọn tó wà láàrin, ikọ̀ àgbà sì wà lókè. Ọmọ tí kò bá tíì tó ikọ̀ àgbà kò ní láti lọ jókòó sílé. Ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tirẹ̀, ó ní ọjọ́ ìdíje tirẹ̀, ó sì ń kọ́ irú ìgbésẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò.

Àpẹẹrẹ tó fi àǹfààní èyí hàn jù lọ ni ti Markelle Fultz. Ní ọdún rẹ̀ kejì ní DeMatha, wọn kò mú un fún ikọ̀ àgbà. Ikọ̀ kejì ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún náà. Láàrin àkókò yẹn ni ó ga sí i, tí ọwọ́ rẹ̀ sì le sí i. Ó jáde ní DeMatha ní ọdún 2016, ó lo ọdún kan ní yunifásítì Washington, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ ìdíje NBA. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ikọ̀ kan péré ni Fultz wà, ọjọ́ tí wọn kò mú un yẹn ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ìbá ti parí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé ara ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í sọ ohun tí yóò jẹ́ ní ọdún méjìdínlógún. Àwọn kan máa ń tètè ga, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà. Ètò tó ń mú àwọn tó ti ga nìkan ń ju irúgbìn tí kò tíì hù nù. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bá jáde, àwọn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ti mọ èdè tí wọ́n ń sọ lórí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òfo.

Òpó Kejì: Ìwé Ṣáájú Bọ́ọ̀lù

Wootten ní ètò kan tí ó máa ń sọ fún gbogbo ọmọ tó bá wọ ikọ̀ rẹ̀: Ọlọ́run ni àkọ́kọ́, ẹbí ni ìkejì, ẹ̀kọ́ ìwé ni ìkẹta, bọ́ọ̀lù sì ni ìkẹrin. Olùkọ́ ìtàn àgbáyé ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un ní ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ wọn ní òwúrọ̀.

Èso tí èyí so kò fara sin. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 lọ, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá nínú ikọ̀ rẹ̀ ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́dọọdún. Àwọn tó sábà máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà kò gbẹ́yìn. Wootten kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré, ó ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ̀rọ̀ nítorí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún àwọn ìràwọ̀.

Àǹfààní mẹ́ta ni èyí ṣe fún ètò náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọkàn òbí balẹ̀. Òbí tí ó mọ̀ pé ọmọ òun yóò ní ìwé lọ́wọ́, bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ kọ̀, kì í lọ́ra láti fi ọmọ náà sílẹ̀. Lọ́nà kejì, ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kì í di ọ̀tá ikọ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun náà ní ìpín. Lọ́nà kẹta, ọmọ tó bá kàwé tán ní ohun tí yóò mú padà wá. Ó lè di olùkọ́, ó lè di dókítà, ó lè di oníṣòwò tí yóò ra bọ́ọ̀lù fún àwọn àbúrò. Ọmọ tí a lò fún bọ́ọ̀lù tí a kò kọ́ ní ìwé kò ní nǹkan kan láti mú padà wá bí kò ṣe ìbínú. Òwe Yorùbá sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Òpó Kẹta: Ìdánrawò tó Ní Ìwéwèé

Kò sí olùkọ́ tó mọṣẹ́ tí yóò wọ kíláàsì láìní ìlànà iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Wootten ṣe mú pápá. Nínú ìwé rẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Coaching Basketball Successfully, ó tẹnu mọ́ ọn pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìwéwèé fún sáà, fún oṣù, àti fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ètò iṣẹ́ sáà àti ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́ yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni.

Ìwéwèé yìí ṣe iṣẹ́ ńlá ní ọdún 1965. Ní ọdún 1964, Power Memorial ti na DeMatha pẹ̀lú àmì ayò 65 sí 62. Wootten mọ̀ pé ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ọmọ kankan nínú ikọ̀ rẹ̀ tó ga tó Alcindor, nítorí náà kò sí ẹni tí wọn yóò fi dánrawò. Ó wá ní kí àwọn ọmọ tó ga máa gbé igi táwọn eléré tẹ́níìsì fi ń gbá bọ́ọ̀lù dání, kí wọ́n máa nà án sókè níwájú àwọn tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Báyìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ bí a ti ń ju bọ́ọ̀lù gba orí ọwọ́ tó gùn kọjá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1965, ní gbọ̀ngàn Cole ti yunifásítì Maryland, DeMatha borí pẹ̀lú àmì ayò 46 sí 43. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́gun 71 tí Power Memorial ti ń kó jọ léraléra ti dópin.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí nínú ìtàn yìí kì í ṣe ọgbọ́n igi tẹ́níìsì nìkan. Wootten wo ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà, ó dá ìṣòro náà mọ̀, ó wá ohun èlò tí kò wọ́n, ó sì kọ́ wọn títí ó fi mọ́ wọn lára. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nípa lílo ohun èlò ìkọ́ni.

Òpó Kẹrin: Àrólé

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òpó yìí ni ó ṣòro jù lọ fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbajúmọ̀ sábà máa ń fi gbogbo iṣẹ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá lọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkó-nǹkan-sí àti orúkọ àwọn ọmọ á bá a lọ.

Wootten kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fún àwọn igbákejì rẹ̀ ní iṣẹ́ gidi. Ọ̀kan nínú wọn ni Mike Brey, tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ó sì padà wá kọ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì Notre Dame láti ọdún 2000 sí 2023. Wootten àti Joe Gallagher, akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ St. John's tí í ṣe orogún DeMatha, jọ ń ṣe àgọ́ ìkọ́ni fún àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi. Òkìkí ẹlòmíràn kò ba Wootten lẹ́rù. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó yàn láti dúró sí ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀.

Ìgbà tí àìsàn dé, ó hàn pé ètò náà ní gbòǹgbò. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un. Ara rẹ̀ yá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìntì ń bọ̀. Nígbà tí ó dé ní ọdún 2002, kò sí pé wọ́n ń wá ẹnì kan káàkiri. Mike Jones, tí ó jáde ní DeMatha ní ọdún 1991, tí ó sì ti padà wá ṣe igbákejì lábẹ́ Wootten, ni wọ́n fi jẹ. Ó lo sáà 19, ó sì borí nínú ìdíje tó lé ní 500. Nígbà tí Jones náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 2021, Pete Strickland ni ó gba ipò náà. Ọmọ DeMatha ni òun náà, ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Wootten rí. Ẹni tó jẹ oyè kò ní láti kọ́ àṣà ilé nítorí inú ilé ni ó ti dàgbà.

Òpó Karùn-ún: Òrùlé tó Bo Ètò

Ìtàn St. Anthony ni ó fi òpó ìkẹyìn yìí hàn, ó sì jẹ́ ìtàn tó dunni. Kò sí ohun tí àwọn òpó mẹ́rin ìṣáájú béèrè tí Hurley kò gbìyànjú rẹ̀. Ó kọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ kí ó lè dúró ti àwọn ọmọ Jersey City. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi wà láìní gbọ̀ngàn ìṣeré tirẹ̀, tí ó jẹ́ pé gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní White Eagle, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ta tẹ́tẹ́ bíńgò, ni wọ́n ti ń dánrawò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù fún un ni ó tẹ̀ síwájú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ṣùgbọ́n iye akẹ́kọ̀ọ́ ń dín kù, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí aláìní lè san kò tó, gbèsè sì ń pọ̀. Hurley fúnra rẹ̀ a máa lọ káàkiri láti wá owó tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí owó náà kò tó mọ́, ìjọ Kátólíìkì ní agbègbè Newark ní kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ife ẹ̀yẹ tó lé ní 25 kò lè gbé òrùlé náà dúró. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì jáde ní láti wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ, àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn tí kì í gbá a pẹ̀lú.

Ìtàn yìí kọ́ni pé ètò bọ́ọ̀lù kò lè gùn ju ẹ̀mí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ rù, tí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé ètò rù, ẹrù ti yí padà sórí ẹni tí kò yẹ. Ó tún yẹ kí a sọ òdodo ọ̀rọ̀ nípa DeMatha. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, àwọn òbí ń san owó, àwọn ọmọ sì ń wá láti ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò lè yan ọmọ kò lè ṣe gbogbo ohun tí DeMatha ṣe. Àkàbà, ìwé, ìwéwèé àti àrólé kò sì béèrè owó ńlá.

Ohun tí Olùkọ́ ní Nàìjíríà Lè Mú Lò

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Hakeem Olajuwon, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ní ọdún 1980, ó lọ sí yunifásítì Houston. Ní ọdún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA, ṣáájú Michael Jordan. Ó gba ife NBA ní ọdún 1994 àti 1995. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀bùn kò jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ó tún fi hàn pé ìràwọ̀ kan lè jáde kí ó sì lọ, nígbà tí iṣẹ́ pípèsè àwọn tó kù ṣì wà nílẹ̀.

Ànfààní kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní tí ti Amẹ́ríkà kò ní. Níbi tí kíláàsì kékeré àti kíláàsì àgbà bá ti wà nínú ọgbà kan, ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò dípò mẹ́rin. Ọmọ tí olùkọ́ bá rí ní JSS 1 ní àkókò tó pọ̀ láti dàgbà. Ìdíje náà sì wà: ìdíje Milo fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń wáyé láti ọdún 1999. Àmọ́ ìṣòro kan wà pẹ̀lú. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n lè gbé olùkọ́ kúrò ní ìgbàkigbà. Bí ètò bá wà lórí olùkọ́ kan péré, ìwé ìgbéniláti-ibìkan-sí-ibòmíràn kan ti tó láti pa á.

Nítorí náà, àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n bá ipò náà mu:

Èkíní, kí olùkọ́ tó kéré tán méjì máa mójú tó eré náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá. Olùkọ́ ìṣirò tó fẹ́ràn eré wúlò púpọ̀.

Èkejì, kí ikọ̀ kékeré wà láti JSS, bí bọ́ọ̀lù méjì péré tilẹ̀ ni ó wà.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe nínú àpò olùkọ́. Orúkọ àwọn ọmọ, èsì ìdíje, iye bọ́ọ̀lù tó wà, àti ìwéwèé ìdánrawò ni kí wọ́n máa kọ sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ máa yẹ èsì ìdánwò agbábọ́ọ̀lù wò ní gbogbo sáà ẹ̀kọ́, kí wákàtí ìkàwé sì wà ṣáájú ìdánrawò.

Ẹ̀karùn-ún, kí ilé-ẹ̀kọ́ máa pe àwọn ọmọ tó ti jáde padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn àbúrò, kí ọ̀rọ̀ owó tó tẹ̀ lé e. Inú wọn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ọ̀la wà.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìràwọ̀ nìkan kò gba Power Memorial, akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan kò sì gba St. Anthony. DeMatha dúró nítorí pé ohun tí Wootten mọ̀ kò kú sí i lórí. Ó di àkàbà tí ọmọdé ń gùn, ó di ìwéwèé tí ẹlòmíràn lè kà, ó di ọmọ ilé tó lè jẹ oyè, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà láti gbà á. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe nínú kíláàsì kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò òun yóò tọ́jọ́ kò ní láti ka iye ife tó wà nínú àpótí. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí wọ́n bá gbé òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní òwúrọ̀ ọ̀la, ǹjẹ́ ìdánrawò yóò wáyé ní ìrọ̀lẹ́?